GPS àmúlọ́wọ́ fún bàlúù kékeré: Garmin aera, iPad, fóònù àbí àlòkù, èwo lẹ máa rà?

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, kí ló dé tí iPad mi ń sọ pé mo ṣì wà nílé nígbà tí mo ti wà lókè ní ẹsẹ̀ bàtà 2,500?"

Bí àbúrò kan tó ń kọ́ bàlúù wíwà níbí ní Houston ṣe bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ nìyẹn nígbà tó pè mí lọ́jọ́ Sátidé kan, kò tiẹ̀ kí mi tán kó tó bẹ̀rẹ̀, mo mọ̀ pé inú ti ń bí i. Mo ní kó bá mi wo ẹ̀yìn páálí iPad yẹn kó ka ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀. Ó kà á. Wi-Fi nìkan ni. Mo ní, "Pẹ̀lẹ́, àbúrò mi, èyí tó o rà yẹn ò ní GPS nínú rárá." Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé iPad wá wà tí ò ní GPS ni?"

Ó wà o. iPad tó jẹ́ Wi-Fi nìkan, àwọn Wi-Fi tó wà ládùúgbò ló fi ń mọ ibi tó wà, tẹ́ ẹ bá sì ti gòkè kò sí Wi-Fi tó máa rí mọ́, ibi tó mọ̀ kẹ́yìn ló máa dúró sí. Èyí tó ń gba síìmù ló ní GPS nínú. Kò pọn dandan kẹ́ ẹ ra dátà fún un o, kẹ́ ẹ tiẹ̀ má fi síìmù kankan sí i, GPS inú ẹ̀ á ṣiṣẹ́, torí sátẹ́láìtì ló ń gbọ́, kò nílò òpó fóònù kankan. Àbúrò yìí ì bá fi owó ńlá ṣòfò, ọpẹ́lọpẹ́ pé ẹ̀rọ kékeré kan wà tí wọ́n ń pè ní Garmin GLO, Bad Elf náà ń ṣe irú ẹ̀, òun ló máa gba GPS tí á sì fi Bluetooth gbé e fún iPad. Àmọ́ ọ̀rọ̀ yẹn ló jẹ́ kí n jókòó kọ èyí, torí mo rí i pé èèyàn púpọ̀ ló ń rà kó tó béèrè.

Àwọn tá a fẹ́ fi wéra

Àkọ́kọ́ ni GPS tí wọ́n dìídì ṣe fún bàlúù. Garmin ló gbajúmọ̀ jù nídìí ẹ̀, aera 660 ní skíríìnì ínǹṣì 5, aera 760 tó ní ínǹṣì 7 dé ní 2020. Ìkejì ni iPad tó ní GPS nínú, pàápàá iPad mini, pẹ̀lú áàpù máàpù bàlúù bíi ForeFlight tàbí Garmin Pilot, ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní London, SkyDemon lẹ máa gbọ́ lẹ́nu àwọn èèyàn jù. Ìkẹta ni fóònù tó wà lápò yín pẹ̀lú áàpù kan náà. Ìkẹrin ni àlòkù, àwọn GPSMAP 296, 396, 496 tí àwọn àgbà pílọ́ọ̀tì ń tà nígbà tí wọ́n bá ń palẹ̀ bàlúù wọn mọ́.

GPS tí wọ́n ń tà fún àwọn tó ń rin inú igbó, mi ò kà á mọ́ wọn. Ó máa sọ ibi tẹ́ ẹ wà àti bẹ́ ẹ ṣe ń sáré tó lóòótọ́, àmọ́ kò mọ ibi tí agbègbè òfuurufú tí tóówà ń ṣọ́ ti bẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ gan-an sì ni pílọ́ọ̀tì ti ń kó sí wàhálà.

Kí n tètè sọ èrò mi kẹ́ ẹ lè mọ ibi tí mò ń lọ. Kẹ́ ẹ tó béèrè pé èwo ló dáa jù, ẹ kọ́kọ́ béèrè pé kí ló lè pa á lójú òfuurufú. Ó kéré tán, ẹ̀rọ méjì lẹ máa gbé dání, tí ohun tó pa ọ̀kan bá lè pa ìkejì, ẹ̀rọ kan ṣoṣo lẹ gbé, bẹ́ ẹ tiẹ̀ sanwó méjì.

Ooru

Apple fúnra wọn ló sọ pé ibi tí ooru ò ti ju 35°C lọ ni kí wọ́n ti máa lo iPad. Houston nínú oṣù kẹjọ, ìta lásán lè ju ìyẹn lọ lọ́sàn-án, ẹ wá ro inú Cessna 172 tó ti wà nínú oòrùn láti àárọ̀.

Ojú mi ti rí i. A lọ jẹun ní Brenham, pápákọ̀ òfuurufú kékeré kan ni, wọ́n ní ilé oúnjẹ níbẹ̀, àwọn pílọ́ọ̀tì agbègbè Houston fẹ́ràn àti máa lọ síbẹ̀ lópin ọ̀sẹ̀. Mo fi iPad sílẹ̀ lórí ìjókòó nínú bàlúù, àṣìṣe àkọ́kọ́ nìyẹn. Nígbà tá a jẹun tán mo há a mọ́ ọwọ́ ìdarí, mo ki wáyà ṣájà bọ̀ ọ́, mo gbé iná skíríìnì dé òpin kí n lè ríran, a gbéra. Oòrùn ọ̀sán ń ti ọwọ́ ọ̀tún wọlé. Kò tó ìṣẹ́jú 10, skíríìnì kọ́kọ́ ṣú díẹ̀, mo rò pé òjìji ni, ìgbà tí mo máa tún wò ó, ó ti dúdú, àwòrán tẹmọ́mítà ló wà lójú ẹ̀ pẹ̀lú ọ̀rọ̀ pé kí n jẹ́ kó tutù ná. Mo na ọwọ́ sí fóònù mi tó ní áàpù kan náà. Ẹ̀gbẹ́ iPad nínú oòrùn kan náà ni fóònù yẹn wà látàárọ̀. Ó gbóná débi pé mi ò lè dì í mú pẹ́, òun náà gbé tẹmọ́mítà tiẹ̀ jáde.

Ohun tó kù ni títì US 290 tó gba Brenham wá sí Houston, odò Brazos tó gé títì yẹn kọjá kẹ́ ẹ tó dé Hempstead, àti máàpù bébà tí mo há sí ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn. Mo mọ̀ pé tí mo bá ti rí odò, Hempstead ló kàn, lẹ́yìn ẹ̀ Waller, mo sì gbọ́dọ̀ ti wálẹ̀ tó kí n tó wọ abẹ́ Class B ti Houston, ìyẹn agbègbè òfuurufú tí wọ́n ń ṣọ́ ní àyíká pápákọ̀ ńlá, èyí tó rí bí abọ́ tí wọ́n tò léra, kékeré nísàlẹ̀, ńlá lókè, tó fi jẹ́ pé bẹ́ ẹ ṣe ń sún mọ́ àárín lẹ gbọ́dọ̀ máa lọ sísàlẹ̀ sí i tí wọn ò bá tíì gbà yín wọlé. Ìyàwó mi tó jókòó lápá ọ̀tún ló rí odò kí n tó rí i. "Odò nìyẹn," ó ní, "ó pọ́n bí ẹrẹ̀." Mo ké sí tóówà pápákọ̀ Hooks, wọ́n dá mi lóhùn, a balẹ̀ láyọ̀.

Lórí ooru, aera ló borí, mi ò ní fi bò fún yín. Inú bàlúù ni wọ́n ṣe é fún. Ti ọ̀rẹ́ mi kan tá a jọ ń fò wà lójú gíláàsì nínú oòrùn Texas láti ọdún mélòó kan, kò tíì kú mọ́ wa lọ́wọ́ rí. iPad náà ṣeé tọ́jú o, tẹ́ ẹ bá bọ́ àpò kúrò lára ẹ̀, tẹ́ ẹ jẹ́ kí atẹ́gùn bàlúù máa fẹ́ sí ẹ̀yìn ẹ̀, tẹ́ ẹ ṣájì ẹ̀ dáadáa nílé kó má baà máa ṣájì nínú ooru, torí ṣájì àti iná skíríìnì gan-an ń dá kún ooru ọ̀hún. Wọ́n ń ta ohun ìgbékalẹ̀ tó ní fáànù náà. Fóònù ló burú jù nínú gbogbo ẹ̀, ó kéré, ó tètè ń gbóná, ẹ sì máa nílò ẹ̀ láti fi pe èèyàn tẹ́ ẹ bá balẹ̀ síbi tẹ́ ẹ ò rò.

Ojú ríran àti ọwọ́ títẹ̀

Skíríìnì iPad rẹwà nínú ilé, tó bá dé inú oòrùn ó di dígí, ojú ara yín lẹ máa rí níbẹ̀. Ti aera rọrùn láti kà nínú oòrùn. Ẹ tún ṣọ́ra fún àwọn awò oòrùn tí wọ́n ń pè ní polarised, tẹ́ ẹ bá wọ̀ ọ́ ẹ lè yí ẹ̀rọ sí ẹ̀gbẹ́ kan kí ó dúdú lójú yín bí ẹni pé ó ti kú, kò kú, awò yín ló fà á. Ẹ gbé awò yín lọ sí ibi tẹ́ ẹ ti fẹ́ rà á.

Tí atẹ́gùn bá wá ń gbo bàlúù jìgìjìgì, àlòkù ló gba ipò kìíní lójú mi. 496 ní bọ́tìnnì gidi, ẹ lè fi ọwọ́ di ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ mú kẹ́ ẹ fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́. aera àti iPad, skíríìnì ni wọ́n fi ń tẹ àwọn méjèèjì, ìka yín á fẹ́ tẹ "Direct-To" (ìyẹn lọ tààrà), bàlúù á fò sókè ẹ máa tẹ ohun mìíràn. Mo máa ń fi ìka mẹ́ta di etí ẹ̀rọ mú kí n tó tẹ̀ ẹ́, ó ń ràn mí lọ́wọ́, àmọ́ kò tó bọ́tìnnì.

Ní ti títóbi, àwọn èèyàn máa ń fẹ́ ńlá. Nínú 172 tàbí Cherokee, iPad ńlá á bo àwọn aago iwájú yín, ó sì lè dènà ọwọ́ ìdarí nígbà tẹ́ ẹ bá fẹ́ fà á wá sẹ́yìn. iPad mini lórí itan tàbí lórí ọwọ́ ìdarí tó. aera 660 kéré ju ìyẹn lọ, ẹ lè rí ibi há a sí tí ò ní di ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Rọ́bà tó máa ń fa ara mọ́ gíláàsì, ẹ fi omi nu gíláàsì kẹ́ ẹ tó lẹ̀ ẹ́, tó bá gbóná ó máa ń já bọ́, ìgbà tẹ́ ẹ bá ń balẹ̀ ló sì máa ń yàn láti já.

Iná

Ibí ni owó ti ń jóná. Ihò ṣájà tó wà nínú bàlúù jọ ti mọ́tò, iná inú ẹ̀ lè má jọ ọ́. Àwọn Cessna 172 ayé àtijọ́ ń lo fóòtì 14, àwọn tó dé lẹ́yìn wọn ń lo 28. Ṣájà mọ́tò tẹ́ ẹ rà ní Walmart tí wọ́n ṣe fún 12 nìkan, tẹ́ ẹ bá kì í bọ 28, ó lè jó, ó sì lè ba iPad jẹ́. Ẹ wò ó lára ṣájà pé wọ́n kọ 12–28 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. aera ní ọ̀nà tí wọ́n lè gbà so ó mọ́ iná bàlúù tààrà, tẹ́ ẹ bá ni bàlúù yín ìyẹn dára púpọ̀. Tó bá jẹ́ pé ẹ ń háyà ni, páwá báńkì tó dáa lẹ máa nílò, ẹ má fi sínú oòrùn, ẹ má sì jẹ́ kó wà níbi tẹ́ ẹ ò ti lè rí i, torí bátìrì tó bá gbiná nínú bàlúù kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Bátìrì aera fúnra ẹ̀, wákàtí mélòó kan ni, ẹ má gbójú lé e fún ìrìn àjò ọjọ́ kan.

Máàpù, ojú ọjọ́ àti ohun tí ẹ̀rọ ò mọ̀

Àkọsílẹ̀ ojú òfuurufú ń yí padà lẹ́ẹ̀kan ní ọjọ́ 28. Máàpù VFR ti Amẹ́ríkà, ìyẹn ti àwọn tó ń fi ojú wo ìta fò, ń jáde ní ọjọ́ 56. Lórí iPad, owó tẹ́ ẹ san lọ́dún ti kó gbogbo ẹ̀ pọ̀, ẹ máa tẹ ibì kan, á dáúnlóòdù, ó tán. Lórí aera, ẹ lè fi Wi-Fi ṣe é, àmọ́ ẹ̀rọ ni ẹ ti rà ní owó gọbọi, ẹ tún máa sanwó àkọsílẹ̀ lọ́tọ̀. Nítorí náà tẹ́ ẹ bá ń ṣírò owó, ẹ ṣírò ọdún 5, ẹ má ṣírò owó ọjọ́ tẹ́ ẹ rà á nìkan. Ẹni tó ní iPad tẹ́lẹ̀, áàpù ló máa dín owó kù fún un. Ẹni tí ò ní, ìyàtọ̀ àárín àwọn méjèèjì lè má pọ̀ tó bó ṣe rò.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ rà á ránṣẹ́ sí ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ ní Zaria tàbí ní Ilọrin, ẹ dúró síbí kẹ́ ẹ gbọ́. Agbègbè agbègbè ni àkọsílẹ̀ Garmin máa ń wà, èyí tí wọ́n ń tà ní Amẹ́ríkà lè ní Amẹ́ríkà nìkan nínú. Ẹ béèrè kẹ́ ẹ tó sanwó, àbí kí ọmọ gbé e gòkè ní Zaria kí ó máa rí Texas.

Ohun kan náà ló kan ojú ọjọ́. Ní Amẹ́ríkà, àwọn òpó ìjọba ń fi ojú ọjọ́ ránṣẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́ lórí 978 MHz, tẹ́ ẹ bá ní ẹ̀rọ bíi Sentry tàbí Stratus pẹ̀lú iPad, ẹ máa rí òjò, ẹ máa rí àwọn agbègbè tí wọ́n tì pa fún ìgbà díẹ̀, ẹ máa rí bàlúù mìíràn pẹ̀lú. aera náà lè rí i, ẹ̀rọ mìíràn ló máa bá a gbà á, bíi GDL 50. Tẹ́ ẹ bá gbé Sentry yẹn lọ sí Nàìjíríà, òjò kankan ò ní jáde lójú ẹ̀, torí òpó tó ń fi í ránṣẹ́ ò sí níbẹ̀. Níbí pàápàá, àwòrán òjò yẹn kì í ṣe ti ìsinsìnyí. Àjọ NTSB, tó ń wádìí jàǹbá ọkọ̀ ní Amẹ́ríkà, kìlọ̀ ní 2012 pé òjò tẹ́ ẹ̀ ń wò lè ti pẹ́ tó ìṣẹ́jú 15 sí 20 ju iye tí ẹ̀rọ kọ síbẹ̀ lọ. Nínú ìṣẹ́jú 20, òjò àfẹ́fẹ́ ilẹ̀ Texas ti kúrò níbi tẹ́ ẹ rò pé ó wà. Ẹ máa fi yẹra fún òjò láti òkèèrè, ẹ má fi wá àlàfo láàárín ẹ̀. Lórí èyí, mo bẹ̀ yín, ẹ dákun ẹ má ṣe é.

Bàlúù mìíràn tẹ́ ẹ̀ ń rí lójú ẹ̀ náà, ẹ má rò pé gbogbo wọn nìyẹn. Tí bàlúù tiyín ò bá ní ADS-B Out, ẹ̀rọ tó ń kéde ibi tí bàlúù wà, èyí tí òfin fi dandan lé ní 2020 fún àwọn agbègbè kan bíi sàkáání Class B, àwọn òpó ilẹ̀ ò ní to àwòrán yẹn jọ fún yín, díẹ̀ lẹ máa rí. Ẹ gbójú síta.

Tí sátẹ́láìtì fúnra wọn bá dákẹ́

Gbogbo àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tí mo dárúkọ, ibì kan náà ni wọ́n ti ń mu omi. Ohùn GPS tó ń ti òkè wá látibi tó jìn tó kìlómítà 20,200 kò lágbára rárá nígbà tó bá fi máa délẹ̀, ẹ̀rọ kékeré kan lè bò ó mọ́lẹ̀. Nínú oṣù kẹwàá 2022, GPS dàrú lágbègbè Dallas, tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi ti ọ̀nà ìbalẹ̀ kan pa ní pápákọ̀ ńlá DFW. Àwọn ológun náà máa ń dán nǹkan wò, wọ́n sì máa ń fi NOTAM, ìyẹn ìkìlọ̀ fún àwọn pílọ́ọ̀tì, síta ṣáájú, ẹ kà á. Nítorí náà aera kì í ṣe bákọ́ọ̀pù iPad lórí ọ̀rọ̀ yìí, máàpù bébà, kọ́ńpáàsì, aago, VOR (ẹ̀rọ tó ń gbọ́ òpó rédíò ilẹ̀) tí bàlúù yín bá ní i, àwọn ni bákọ́ọ̀pù. Wọn ò wọ́n, mi ò sì mọ ìdí tí ẹnikẹ́ni fi máa fi wọ́n sílẹ̀.

Òfin náà ò sì gba kẹ́ ẹ fi èyíkéyìí nínú wọn rìn nínú ìkùukùu lábẹ́ IFR, ìyẹn òfin fífi aago inú bàlúù fò láìrí ìta, gẹ́gẹ́ bí ohun tẹ́ ẹ gbára lé. GPS tí wọ́n dè mọ́ iwájú bàlúù tó sì ní ìwé ẹ̀rí ń ṣàyẹ̀wò ara ẹ̀, ó ń fi sátẹ́láìtì tó lé wo àwọn tó kù bóyá ọ̀kan ń purọ́. Àmúlọ́wọ́ ò ní ìwé ẹ̀rí yẹn, bó ti wù kó wọ́n tó. Fún VFR, kò sí wàhálà.

Àlòkù

Mo fẹ́ràn wọn, àmọ́ ẹ béèrè nǹkan méjì. Ṣé wọ́n ṣì ń ta àkọsílẹ̀ tuntun fún un? Ṣé ọjọ́ tó ń kọ sójú ẹ̀ tọ̀nà? Ìbéèrè kejì yẹn ló máa ń ya èèyàn lẹ́nu. Ọ̀sẹ̀ ni GPS fi ń ka àkókò, tó bá ti ka 1,024 ọ̀sẹ̀ á padà sí òdo, ọdún 19 àti oṣù díẹ̀ nìyẹn, ìgbà tó ṣẹlẹ̀ kẹ́yìn ni 6 oṣù kẹrin 2019. Ẹ̀rọ àtijọ́ tí wọn ò tún inú ẹ̀ ṣe lè máa rò pé a ṣì wà ní nǹkan bí ogún ọdún sẹ́yìn. Ẹ tan án níta gbangba níwájú ẹni tó ń tà á, ẹ dúró kó rí sátẹ́láìtì, ẹ wo ọjọ́ ojú ẹ̀, ẹ fọwọ́ kan ẹ̀yìn ẹ̀ bóyá bátìrì ti wú.

Èwo lẹ máa wá rà?

Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́ tó ń háyà bàlúù: iPad mini tó ń gba síìmù, áàpù kan, máàpù bébà. Ó tó. Ẹni tó ni bàlúù tiẹ̀, tó ń gbé ibi tó gbóná tàbí tí bàlúù ẹ̀ ò ní òrùlé lórí pílọ́ọ̀tì: aera 660, kí wọ́n so ó mọ́ iná, kí iPad wá jẹ́ ìkejì. aera 760, ẹni tí ojú ẹ̀ ti ń gbó bíi tèmi ló yẹ, tí àyè bá wà níwájú bàlúù. Fóònù nìkan, rárá. Àlòkù nìkan, tó bá ṣì ń gba àkọsílẹ̀ tuntun, bẹ́ẹ̀ ni, mo mọ àwọn tó ń fi fò lọ jìnnà.

Èyíkéyìí tẹ́ ẹ bá rà, ẹ jókòó tì í nílé fún ọ̀sẹ̀ kan kẹ́ ẹ tó gbé e gòkè. Àbúrò tó pè mí yẹn, ọ̀gá tó ń kọ́ ọ ti fi bébà bo iPad ẹ̀ lójú lẹ́ẹ̀mejì láìsọ tẹ́lẹ̀, lẹ́ẹ̀kejì ó rí pápákọ̀ fúnra ẹ̀, ó pè mí lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ó kí mi dáadáa lọ́tẹ̀ yìí.

Tèmi lónìí: iPad mini lórí ọwọ́ ìdarí láìní àpò, atẹ́gùn ń fẹ́ sí i. aera 660 àlòkù lápá òsì, wáyà tiẹ̀ dá wà. Máàpù Houston ní ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn, mo ti ká a síbi tí Brenham wà. Fóònù, inú báàgì lẹ́yìn ìjókòó, mo ti pa á, ibẹ̀ tutù.